Trieste: ìwé ló gbé mi débẹ̀, wáìnì orí òkè ló mú mi pẹ́

Nítorí ìwé ni mo ṣe lọ sí Trieste ní Ítálì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò, márùn-ún ni mo lò. Rélùwéè láti Venice gbà tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, òkun là lójijì lápá ọ̀tún, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀ títí a fi wọ ìlú.

Òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Wọ́n ní yàrá mi kọjú sí òkun. Mo ṣí fèrèsé, ògiri ni mo rí. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Abẹ́ ìjọba Austria ni Trieste wà títí di 1918, òun sì ni èbúté ńlá wọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ítálì, ọmọ Slovenia àti onírúurú oníṣòwò fi kún ibẹ̀. James Joyce, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, dé ní 1904, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó lè rówó jẹun. Ní Cittavecchia, àdúgbò àtijọ́, ló ti máa ń mutí pẹ̀lú àwọn atukọ̀, tí Stanislaus àbúrò rẹ̀ á sì wá fà á lọ sílé. Ọ̀kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Ettore Schmitz, tí iléeṣẹ́ àwọn àna rẹ̀ ń ṣe ọ̀dà ìdí ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ tó fi ń kọ̀wé ni Italo Svevo. Ó ti tẹ ìwé ìtàn àròsọ méjì jáde, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Joyce kà wọ́n, ó sì sọ fún un pé iṣẹ́ gidi ni. Ìwé kẹta jáde ní 1923, òun ló sọ ọ́ di olókìkí. Gbogbo òpópónà tí mo gbà, ìtàn yìí ló wà lọ́kàn mi.

Ère Joyce wà lórí afárá kan ní Ponterosso. Ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ. Ilé kọfí Caffè San Marco ni kẹ́ ẹ ti jókòó pẹ́: 1914 ni wọ́n ṣí i, ṣọ́ọ̀bù ìwé wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kàwé níbẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ osmiza ni mo tìtorí rẹ̀ kọ èyí. Lórí òkè Carso lẹ́yìn ìlú, àgbẹ̀ á ṣílẹ̀kùn àgbàlá rẹ̀, á ta wáìnì tó fúnra rẹ̀ ṣe, bí ẹlẹ́mu tó ń ta ẹmu tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá. Àṣẹ Joseph Kejì, ọba Austria, ní 1784 ló fún wọn láyè láti fi ọjọ́ mẹ́jọ tà á. “Osem”, ìyẹn ẹ̀jọ lédè Slovenia, ló bí orúkọ náà. Ẹ̀ka igi eléwé tí wọ́n so sí oríta ni yóò júwe ọ̀nà fún yín. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn títì ni mo bá, nítorí náà ẹ wo íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́.

Ẹ má retí oúnjẹ gbígbóná: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, wàràkàṣì, ẹyin bíbọ̀ àti búrẹ́dì ni. Bàbá kan tá a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bu Terrano fún mi. Wáìnì pupa yìí kan lẹ́nu, ilẹ̀ pupa Carso ni àjàrà rẹ̀ ti ń hù. Mo ra ìgò kan bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ti kan jù. Mo gbé ẹran oníyọ̀ síwájú wọn, wọ́n sì na ife sí mi lẹ́ẹ̀kejì.