Òṣìṣẹ́ Olóṣù Tàbí Agbaṣẹ́ṣe?

Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san ìdá 10, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá 8 kún un. Agbaṣẹ́ṣe kò ní ẹni tó ń bá a dá irú owó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn sì dára fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ iye ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ aṣọ ilé-iṣẹ́, tó ń buwọ́ lùwé láago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń tọrọ àyè kó tó lọ sílé ìwòsàn, tí ilé-iṣẹ́ bá ń pè é ní agbaṣẹ́ṣe, wọ́n kàn fi orúkọ yẹn sá fún òfin ni. Bí ẹ̀rọ bá gé e níka, wọn á ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀.