Davies tàbí Moffat: ọ̀dọ̀ ta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ Doctor Who?

Láti 1963 ni BBC ti bẹ̀rẹ̀ Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n nípa ẹni kan tó ń rìnrìn àjò kọjá àkókò; ta ló fẹ́ wo gbogbo ẹ̀ tán? Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé: ṣé ká bẹ̀rẹ̀ láti 2005 tí Russell T Davies jí i dìde, àbí láti 2010 tí Steven Moffat gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ti Davies rọrùn láti wọ̀. Rose ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní London, ni àwọn ère tí wọ́n ń wọ aṣọ fún bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìtàn kan sábà máa ń tán ní ìṣẹ́jú 45. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti gbó, ó lè pa ẹ́ lẹ́rìn-ín.

Ti Moffat dán lójú jù, àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Ògiri yàrá Amelia kékeré lanu ní apá àkọ́kọ́ (ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé ju alángbá lọ), ọ̀rọ̀ ògiri náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Fo apá kan, o ti sọnù nìyẹn.

Bí ìwọ àti àwọn ará ilé bá jọ ń wò ó, 2005. Bí o bá fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀, 2010. Bó bá jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo lo ní, wo apá tó ń jẹ́ «Blink» ti 2007: Moffat ló kọ ọ́ nígbà tí Davies ṣì jẹ́ ọ̀gá. Má ṣẹ́jú o.