Gìtá Béèsì àti Àwọn Ohun Èlò Rẹ̀: Ìfiwéra Ohun Tó Ń Tẹ́ni Lọ́rùn àti Ohun Tó Ń Múni Kábàámọ̀

Ibi tí ẹni tó fẹ́ ra béèsì ti máa ń dán an wò yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí yóò ti máa lò ó. Nínú ilé ìtajà tàbí nínú yàrá, òun nìkan ló ń ta á. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, kò sí akọrin tó ń bá a du àyè. Ohùn tó ki nísàlẹ̀ tó sì ń dún yanranyanran lókè ló máa ń wu etí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìlù ńlá á gba púpọ̀ nínú ìsàlẹ̀, aro á gba òkè, ohùn àárín tí olùrà kò kà sí ni yóò sì kù fún béèsì. Èrò mi ni pé ibí yìí ni púpọ̀ nínú ìtẹ́lọ́rùn àti àbámọ̀ tó ń bá ríra ohun èlò béèsì rìn ti ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi àwọn ohun èlò náà wé ara wọn níhìn-ín ní méjì méjì, tí mo sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè bí yóò ti rí láàárín ẹgbẹ́, ní ọwọ́ àti ní èjìká ẹni tó máa lò ó.

Precision tàbí Jazz

Irú méjì yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ béèsì tó wà lọ́jà ń fara wé, yálà Fender ló ṣe é tàbí iléeṣẹ́ mìíràn. Precision Bass ló kọ́kọ́ jáde, lọ́dún 1951. Ní 1957 ni wọ́n wá fi pickup (ohun onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìgbọ̀n okùn sínú wáyà) alábala méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí sí i. Jazz Bass tẹ̀lé e ní 1960, ó ní pickup méjì, ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó ti pàdé orí gìtá: ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 38, nígbà tí ti Precision sábà máa ń wà láàárín 41 sí 44. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tẹ okùn máa ń mọ̀ ọ́n láìpẹ́, kò sì sí àtúnṣe kan tó rọrùn tó lè yí i padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á.

Ohùn kan pàtàkì ni Precision ní, ohùn àárín ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè dà bíi pé kò dán tó nígbà tí ẹ bá dá a ta, àmọ́ ohùn àárín yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó yọ nígbà tí ìlù àti gìtá yòókù bá wọlé. Precision ti ọdún 1962 ni atabéèsì James Jamerson fi ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn orin iléeṣẹ́ Motown ti Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀. Ní ti Jazz, bí ẹ bá ṣí pickup méjèèjì tán, apá kan nínú ohùn àárín á dínkù, ohùn náà á mọ́, ariwo iná tó ń hùn nínú pickup kan á sì pa ti èkejì rẹ́. Bí ẹ bá dín ọ̀kan kù, ohùn àárín á padà, ariwo tó ń hùn náà á sì padà díẹ̀. Atabéèsì Jaco Pastorius, tó lo Jazz ti ọdún 1962 tí kò ní fret (àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) mọ́, gbára lé pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge (ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá) gan-an, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ohun tó ta fi ń dún ketekete.

Àwọn tó ń kábàámọ̀ Jazz sábà máa ń jẹ́ àwọn tó rà á nítorí ohùn mímọ́ tí wọ́n gbọ́ nínú yàrá, tí wọn kò sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ rí láti ìgbà náà. Àwọn tó ń kábàámọ̀ Precision ni àwọn tó ń ta oríṣiríṣi orin, tí ohùn kan kò sì lè tó wọn. Bí ó bá jẹ́ pé béèsì kan ṣoṣo lẹ máa ní, tí ẹgbẹ́ yín sì kún fún ohun èlò, Precision ni èmi yóò mú fún yín.

Béèsì tó ń lo bátìrì àti èyí tí kì í lò ó

StingRay tí Music Man gbé jáde ní 1976 wà lára àwọn béèsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ pẹ̀lú preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì láti fún ohùn lágbára) nínú. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ohùn kì í pàdánù dídán nínú wáyà gígùn, ẹni tó ń ta á sì lè fi ohùn kún tàbí kó yọ ọ́ kúrò láti orí gìtá fúnra rẹ̀. Àbámọ̀ máa ń gba ọ̀nà méjì wọlé. Èkíní ni bátìrì, tó sábà máa ń jẹ́ ti fóòtì 9: nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ béèsì bẹ́ẹ̀, fífi wáyà sínú ihò rẹ̀ ló ń tan preamp, nítorí náà ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ sínú gìtá mọ́jú ti fi bátìrì ṣòfò. Èkejì ni bọ́tìnnì ohùn ìsàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí lọ sókè títí yóò fi jẹ gbogbo agbára ampilifáyà tán, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ ohùn tí wọ́n ń ta. Ẹ wá èyí tó ní ibi tí ẹ ti lè yí i sí ipò tí kò nílò bátìrì. Ohun kékeré yìí ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ láàárín eré.

Okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún

Okùn E tó wà nísàlẹ̀ béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bíi Hertz 41, ìyẹn ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn B tí olókùn márùn-ún fi kún un ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 31. Ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré kò lè gbé Hertz 31 jáde dáadáa, nítorí náà ohùn B á kàn máa dún hùn-hùn láìṣe kedere. Gígùn okùn náà ní ipa: íńṣì 34 ni ó wọ́pọ̀, àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń na olókùn márùn-ún dé 35 kí B má bàa rọ̀ jù. Ẹni tó ń bá akọrin tó máa ń yí ohùn orin padà lójijì ṣiṣẹ́ ni olókùn márùn-ún máa ń tẹ́ lọ́rùn jù, nítorí pé ó lè ta E♭ tàbí D tó rẹlẹ̀ láìṣí ọwọ́ kúrò ní ibi tó wà. Ẹni tó rà á nítorí pé ó rí i lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn máa ń fi okùn B ṣe ibi ìgbé-àtàǹpàkò-sí, ó sì ń ru ìwúwo okùn àti ọrùn tó fẹ̀ sí i láìrí èrè rẹ̀.

Ní ìdà kejì, béèsì kúkúrú, tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íńṣì 30, ń tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Ó fúyẹ́, àlàfo fret rẹ̀ kò jìnnà síra, ohùn rẹ̀ sì yípo. Kí ẹ kàn mọ̀ pé okùn tó bá a mu kì í pọ̀ lọ́jà tó ti 34.

Ampilifáyà àti àpótí sípíkà

Níhìn-ín ni owó ńlá ti máa ń ṣòfò, nítorí pé iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ rọrùn láti fi wé ara wọn, kò sì sọ púpọ̀ fún olùrà. Bí ẹ bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, decibel (ìwọ̀n bí ohùn ti ròkè tó) 3 péré lẹ fi kún un, èyí tí etí kàn ń rí bí àfikún díẹ̀. Kí ohùn tó lè dà bí ìlọ́po méjì létí, ó nílò agbára bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó ta ampilifáyà oníwáàtì 300 kó lè ra oníwáàtì 500 ti ná owó lórí ìyàtọ̀ tí kò tó decibel 3. Bí ó bá fi owó kan náà ra àpótí sípíkà kejì tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ohùn ìsàlẹ̀ lè fi decibel 5 tàbí 6 lọ sókè. Ìfiwéra yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo olùrà mọ̀ kó tó sún mọ́ ampilifáyà èyíkéyìí.

Ampeg gbé SVT jáde ní 1969, ó ní wáàtì 300, túùbù ló sì ń fi ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ nìkan, ìyẹn ampilifáyà láìsí àpótí, lé ní kìlò 35, àpótí rẹ̀ onísípíkà mẹ́jọ sì lé ní kìlò 60. Ohùn rẹ̀ dára débi pé àwọn ènìyàn ṣì ń wá a, àwọn tó sì ní ọkọ̀ àti ẹni tó ń bá wọn gbé e kì í kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù máa ń fi í sílé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ampilifáyà class D (irú tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀) òde òní lè fún yín ní wáàtì 500 láìwúwo tó kìlò 3, sípíkà tí wọ́n fi neodymium ṣe mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ gan-an. Ohun tí ẹ pàdánù nínú ohùn kò tó nǹkan lójú tèmi. Ohun tí ẹ jèrè nínú ẹ̀yìn àti èjìká pọ̀.

Ibi tí àbámọ̀ ti máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ jù ni ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí àpótí sípíkà ti ń dènà iná tó. Àpótí ohm 8 méjì tí a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn di ohm 4. Àpótí ohm 4 méjì di ohm 2, ọ̀pọ̀ ampilifáyà kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju 4 lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ra àpótí ohm 4 nítorí pé ó ń fa gbogbo agbára ampilifáyà jáde lójú ẹsẹ̀ ti sábà pa ọ̀nà mọ́ fún àpótí kejì. Ẹ kọ́kọ́ ra ohm 8, kódà bó bá túmọ̀ sí pé agbára á dínkù díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ náà. Bákan náà, ẹ má fi wáyà gìtá so ampilifáyà mọ́ àpótí, wáyà sípíkà ni kí ẹ lò. Ẹ má sì tan ampilifáyà onítúùbù láìso ó mọ́ sípíkà, ó lè bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé sípíkà íńṣì 15 ló ń dún nísàlẹ̀, tí ti íńṣì 10 sì ń dún lókè, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bí àpótí ti tóbi tó àti bí wọ́n ti ṣètò inú rẹ̀ ní ipa tó ju fífẹ̀ sípíkà lọ. Pípa oríṣi méjì pọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ yìí kì í sábà dára tó àpótí méjì tó jọra.

Okùn flatwound àti roundwound

Kò sí ohun tí ẹ lè rà tó ń yí ohùn padà tó okùn pẹ̀lú owó kékeré. Roundwound, tí wáyà róbótó wé lára, ń dán, ó ń gbé gbogbo àlàyé ìka jáde. Iléeṣẹ́ okùn Rotosound àti John Entwistle, atabéèsì ẹgbẹ́ The Who, ló jọ ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ tó gbilẹ̀ láti 1966. Dídán náà kì í pẹ́, nígbà mìíràn kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n sì fi irin stainless ṣe máa ń jẹ fret. Flatwound, tí wáyà pẹlẹbẹ wé lára, kò dán, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Jamerson kì í fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ rárá. Ẹni tó bá kábàámọ̀ flatwound sábà máa ń kórìíra bó ti le lábẹ́ ìka, nítorí náà ẹ wo agbára fífà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Lórí béèsì tí kò ní fret, roundwound máa ń fá igi ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Jaco kun tirẹ̀ ní epoxy, irú ọ̀dà kan tó le, láti dáàbò bò ó.

Pẹ́dàlì

Ti ìtún-ohùn-ṣe àti DI (àpótí tó ń so béèsì tààrà mọ́ ẹ̀rọ ohùn ńlá) tó dára ni ó yẹ kó ṣáájú, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tó kábàámọ̀ wọn. Overdrive (pẹ́dàlì tó ń sọ ohùn di líle) tí wọ́n ṣe fún gìtá lásán ló ń kún inú páálí àwọn ohun tí ènìyàn fẹ́ tà: ó máa ń gé ohùn ìsàlẹ̀, béèsì á sì pòórá nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní bọ́tìnnì tó ń po ohùn mímọ́ mọ́ ohùn líle kò ní ìṣòro yìí. Ní ti compressor, tó ń mú ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ sún mọ́ra, ẹ dúró títí etí yín á fi mọ ohun tó ń ṣe.

Bẹ́líìtì èjìká àti títún béèsì tò

Bẹ́líìtì tó fẹ̀, tí awọ rẹ̀ kì í yọ̀, ń mú kí béèsì tó wúwo ju kìlò 4 lọ ṣeé gbé fún wákàtí méjì, ó sì ń dá ọrùn tó bá fẹ́ wọ́lẹ̀ dúró. Kò wọ́n, kò sì wuyì láti sọ, síbẹ̀ ó wà lára ohun tó ń tẹ́ ènìyàn lọ́rùn jù.

Bí ẹ bá ń ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ yọjú sí ọrùn láti ìdí dé orí bóyá ó lọ́, ẹ wo ibi tí fret ti jẹ, ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì kí ẹ gbọ́ bóyá ariwo pàrà-pàrà ń jáde, kí ẹ sì bèèrè bóyá truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn tí wọ́n fi ń tọ́ ọ) ṣì ń yí. Èyí tí truss rod rẹ̀ ti dé òpin ni kí ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bó bá sì jẹ́ pé béèsì tó wà lọ́wọ́ yín ni ó ti sú yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún tò: kó tọ́ ọrùn, kó sọ gíga okùn di ohun tó rọrùn, kó tún ohùn rẹ̀ ṣe láti fret kan dé èkejì, kó sì fi okùn tuntun sí i. Ẹ tún fi í ṣe ìdánrawò díẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kí ẹ tó pinnu láti tà á, nítorí pé béèsì púpọ̀ tí wọ́n ń tà nítorí pé ó le lábẹ́ ọwọ́ kò ní àìsàn mìíràn ju pé okùn rẹ̀ ga jù.