Wọ́n bá mi kó kóòdù kíláàsì mi dé GitHub, gbogbo ọmọ sì gba òdo

Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì yìí o, torí àdéhùn tí ilé-ìwé wa bá wọn ṣe ṣì ń lọ lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún tìtorí ẹ̀ pè mí sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tíṣà kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Èkó, tẹ́nì kan bá ti pè yín rí tó ní àwọn máa ń bá ilé-ìwé kó iṣẹ́ kóòdù wọn láti ibì kan dé ibòmíì, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé tí wẹ́bsáìtì tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọmọ bá fẹ́ kógbá sílé, wọ́n á bá yín kó asáìnmẹ́ǹtì, test (ìyẹn kóòdù tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọmọ) àti máàkì kúrò níbẹ̀, wọ́n á tò ó síbi tuntun, wọ́n á kọ́ tíṣà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa dá yín lóhùn lórí WhatsApp títí session á fi parí.

Bó ṣe kàn wá ò ṣàjèjì sí yín. Replit, wẹ́bsáìtì téèyàn ti ń kọ kóòdù, ní Teams for Education, ọ̀fẹ́ ló jẹ́ fún tíṣà láti 2022, ọmọ á ṣí browser, á kọ Python, á tẹ submit, èmi náà á rí i lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n kéde pé àwọn máa pa á tì, ó sì parí ní August 2024. Wọ́n sọ ọ́ ṣáájú o, a ò lè ní a ò gbọ́, àmọ́ September ni session tiwa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ilé-ìwé wa, tí nǹkan ò bá tíì jóná ẹnì kankan ò ní sanwó omi. Bí proprietress ṣe lọ gba kọ́ńpìnnì yìí nìyẹn, tí wọ́n sì kó wa lọ sí GitHub Classroom, apá tó wà fún tíṣà lórí GitHub, wẹ́bsáìtì tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí.

Ká sòótọ́, ìkólọ yẹn wú mi lórí níbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn da fáìlì sílẹ̀ fún mi ni, àmọ́ wọ́n wá sí lab wa, wọ́n jókòó, wọ́n béèrè pé báwo ni iná ṣe ń ṣe níbí. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání gan-an nìyẹn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò tọ́mọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ lè máa commit (fi iṣẹ́ pamọ́) sórí kọ̀ǹpútà nínú lab, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kó tó push (fi ránṣẹ́ sí GitHub). Èyí dára ju ti browser tá à ń lò tẹ́lẹ̀ lọ fún irú ibi tiwa. GitHub ò gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13, torí náà wọ́n yọ JSS1 àti JSS2 kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n fi Thonny, ètò tí wọ́n fi ń kọ Python, sórí ẹ̀rọ fún wọn, pé kí wọ́n máa fi iṣẹ́ sínú Google Classroom. Ọ̀rọ̀ 2FA, ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password, náà wà níbẹ̀, tí GitHub bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti 2023, àwọn ọmọ boarding wa ò sì gbọ́dọ̀ ní fóònù lọ́wọ́. Wọ́n fi KeePassXC, ètò tó ń tọ́jú password, ṣe é sórí kọ̀ǹpútà lab, wọ́n tún tẹ recovery code ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí pépà, mo tì í mọ́ inú drawer. Ìyẹn náà dáa.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé.

Àwọn SS1 mi ní asáìnmẹ́ǹtì kan tí mo fẹ́ràn, ọdọọdún ni mò ń fún wọn. Kọ function kan tó máa gba aago, kó kí èèyàn bó ṣe yẹ. Aago mẹ́jọ àárọ̀, Ẹ káàárọ̀. Aago méjì ọ̀sán, Ẹ káàsán. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ẹ káalẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, torí mi ò rí ìdí tí ọmọ Ìbàdàn á fi máa kọ Good morning sínú kóòdù lójoojúmọ́ ayé. If, elif, else, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. CA ni, máàkì ogún.

Àwọn ọmọ ṣe é, wọ́n push, mo lọ sílé. Ilẹ̀ ṣú, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá ọmọ kan ló kọ́kọ́ pè, ó ní "Anti, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ọmọ mi gba òdo nínú ogún, àbí kò wá sí ilé-ìwé ni?" Kí n tó la ẹnu, ìpè míì ti ń wọlé. Ohun tó fà á ni pé kọ́ńpìnnì yìí ti so máàkì GitHub mọ́ portal ilé-ìwé wa, portal yẹn sì máa ń fi SMS ránṣẹ́ sáwọn òbí fúnra ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni fún wa, wọ́n ń yangàn sí i níwájú proprietress. Kíláàsì odindi, òdo. Ọmọ tó máa ń ṣe ipò kìíní, òdo. Ọmọ alága PTA, òdo. VP Academics pè mí pé kí n ṣàlàyé ní ṣókí, èmi tí mi ò tíì mọ ibi tí mo wà.

Mo ṣí iṣẹ́ ọmọ kan lórí GitHub, X pupa ni mo rí. Mo ka ohun tí pytest, ètò tó ń ṣe test fún wa, kọ síbẹ̀. Ó ní ohun tóun ń retí ni 'Ẹ káàárọ̀', àmọ́ ohun tóun rí gbà ni 'Ẹ káàárọ̀'. Ẹ tún un kà. Mo wọ gíláàsì mi, mo fẹ lẹ́tà yẹn tóbi títí ó fi kún screen, nǹkan kan náà ni!

Ni mo bá kọ̀wé sí customer care wọn lórí WhatsApp. Bọ̀bọ́ kan ló dáhùn, ó ní ẹ kú alẹ́ mà, ẹ bá wa clear cache yín. Mo ní cache bí i ti báwo, orí server GitHub ni test ti ń ṣiṣẹ́, kí ló kan browser mi níbẹ̀? Ó ní kí n gbìyànjú Chrome. Mo ní Chrome ni mò ń lò. Ó ní tóò, ẹ gbìyànjú Firefox. Mo fi àwòrán ránṣẹ́, ó ní àwòrán yẹn ò mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo fi òmíì ránṣẹ́, blue tick, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, ó wá jáde pé ṣé mo ti clear cache. Mo bi í tààrà pé ṣé ẹ fọwọ́ kan test mi nígbà tẹ́ ẹ ń kó o bọ̀? Ó ní rárá o mà, bẹ́ ẹ ṣe kó o fún wa la ṣe gbé e síbẹ̀. Ó fi emoji ọwọ́ méjì tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn tì í. Ó wá fi kún un pé bóyá àwọn ọmọ ló ń jí iṣẹ́ ara wọn wò tí system fi ń fún wọn lódo. Ibẹ̀ ni mo ti ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ fọ abọ́. Nígbà tí mo padà dé mo kọ one star kan tí mo ṣì tọ́jú pamọ́ dòní, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tí ìyá mi ò gbọ́dọ̀ rí.

Lówùúrọ̀, assembly ò tíì tú, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè. Ohùn ọmọdébìnrin ni. Ó kí mi tìdílétìdílé, ó ní "Mà, ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yín dé iwájú mi, ẹ má bínú, ṣé ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà?" Kò dárúkọ cache rárá. Ó ní kí n ṣí Python, kí n mú ẹ́ tó parí Ẹ káalẹ́ látinú iṣẹ́ ọmọ kan, kí n bi len, tó ń ka iye àmì, pé mélòó ni. Python ní 2. Ó ní kí n wá mú ẹ́ yẹn kan náà látinú test. Python ní 3. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, 1EB9, àmọ́ èyí tó tún wá ní àmì ohùn lórí ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún un, àfi kí wọ́n tò ó pọ̀. Keyboard kan á mú ẹ, á fi àmì lé e lórí. Òmíì á mú e lásán, á fi tìsàlẹ̀ sí i, á wá fi tòkè. Òmíì á ti mú é kó tó wá rántí ìsàlẹ̀. Lójú èèyàn gbogbo ẹ̀ dọ́gba, àmọ́ lójú == ti Python wọn ò bára wọn tan. Èmi sì mọ èyí látijọ́! Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fi unicodedata ti Python sínú test yẹn látayé Replit, function kékeré kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di NFC (ọ̀nà ìtò kan náà) kó tó fi wọ́n wéra, ọ̀nà yòówù kọ́mọ gbà tẹ̀ ẹ́ ó máa bára mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Mà, function yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo ní ẹni tó dá mi lóhùn lánàá ní ẹ ò fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọmọ yìí sọ rèé, mi ò lè gbàgbé ẹ̀: "Mà, ẹ má gba tèmi gbọ́, ẹ má gba tiwọn náà gbọ́. Ẹ wọ inú template tá a fi ṣe ẹ̀dà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ git blame, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì yẹn sí i." Mo tẹ̀ ẹ́. Fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n, git blame máa ń kọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìlà tí mo fi ń ṣàyẹ̀wò, orúkọ kọ́ńpìnnì wọn gbangba ló wà níwájú ẹ̀. Mo ṣí commit yẹn, ẹnì kan ti yọ unicodedata mi dànù, ó yọ function mi dànù, ó kọ sórí ẹ̀ pé òun ń tún kóòdù ṣe kó mọ́. Kó mọ́! Bó ṣe ń palẹ̀ mọ́ ló palẹ̀ CA ọmọ mi mọ́.

Rírí i yẹn nìkan kọ́ ló dùn mọ́ mi. Ọmọ yẹn mọ̀ pé kọ́ńpìnnì òun ni òun ń tú àṣírí ẹ̀ fún oníbàárà, ó ṣì ní kí n fojú ara mi rí i, bẹ́ẹ̀ ó lè rọra tún un ṣe kó ní network ni, ta ló máa mọ̀? Ó dá function mi padà sínú template. Ó fi àṣẹ gh classroom kó repo (àpò kóòdù) gbogbo ọmọ wá sórí ẹ̀rọ ẹ̀, ó fi script kékeré kan pààrọ̀ fáìlì test nínú ẹ̀, ó push, à ń wò ó bó ṣe ń di yẹ́lò, tó ń di green lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tó ń kọjá lójú fèrèsé lab bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ara wọn. Ó tún rí ohun témi ò rò dé: àwọn kan ń fi igi kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, 0329 dípò 0323, NFC ò sì ń sọ àwọn yẹn di ọ̀kan, ó fi ìlà kan tó ń pààrọ̀ ẹ̀ sí i. Ó wá ní kí SMS àforíjì jáde ní orúkọ kọ́ńpìnnì, kó má ṣe jẹ́ orúkọ ilé-ìwé. Ó jáde lóòótọ́. Alága PTA pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo parí sí, five star ni, ọ̀rọ̀ ti tán.

Àmọ́ invoice session tuntun dé. Dọ́là ni, bẹ́ẹ̀ GitHub Classroom fúnra ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, owó ìrànlọ́wọ́ nìkan là ń san. Wọ́n kà á lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ka JSS1 àti JSS2 mọ́ ọn, àwọn ọmọ tí wọn ò ní account GitHub, tó jẹ́ pé Thonny tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ni wọ́n ń lò. Mo pè wọ́n, wọ́n ní policy ni. Wọ́n tún ń rọ̀ wá ká kó gbogbo ọmọ sínú Codespaces, ibi téèyàn ti ń kọ kóòdù lórí server GitHub, pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ inú browser ló wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ iṣẹ́ dúró, ìyẹn lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso tẹlifóònù, ti fọwọ́ sí àfikún owó tó tó 50% fáwọn tẹlifóònù ní January 2025. Ta ló fẹ́ ra dátà yẹn? Ẹ̀yin àbí èmi? Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n ní premium support ló wà báyìí, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wá gbọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣe Account Manager ilé-ìwé wa. Bọ̀bọ́ cache! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi nípò tuntun yìí, emoji ọwọ́ méjì yẹn náà ni.

Tẹ́ ẹ bá máa gbà wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so máàkì mọ́ portal tó ń fi SMS ránṣẹ́ láìjẹ́ pé tíṣà kọ́kọ́ tẹ approve, èmi ti ní kí wọ́n yọ tiwa. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo àyípadà tí wọ́n bá ṣe sí test gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ yín kọjá.

A ti tún un san fún session míì, VP ló fọwọ́ sí i. Máàkì mi, star mẹ́rin nínú márùn-ún. Mẹ́ta jẹ́ ti ọmọbìnrin yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti git blame, ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe tiwọn.