Selected Food Prices Watch ti NBS: ẹ wò ó, àmọ́ kílò ò bá ọjà wa mu

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìwé iye owó oúnjẹ tí NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, ń gbé jáde lóṣooṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ, ẹ wa fáìlì ẹ̀ sórí fóònù yín, kọ́bọ̀ ẹ ò ní san. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ya ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ máa rí iye tí gàrí funfun, ẹ̀wà àti tòmátì jẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ tún máa rí ti Kánò, ẹ ó wá fi wé oṣù tó kọjá àti èṣí, bí tòmátì bá sì fi wọ́n gan-an níbí ju òkè ọya lọ, owó ọkọ̀ àtèyí tó bàjẹ́ lọ́nà wà nínú ẹ̀.

Kílò tí wọ́n fi ń ka iye owó yẹn ló ń bí mi nínú. Ta ló ń fi kílò ra ẹ̀wà ní Bódìjà? Kóńgò là ń lò, dẹ́ríkà l'Ékòó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un.

Ìwé ìnfiléṣọ̀n wọn, èyí tó ń sọ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí sí, náà dáa, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á o, torí nígbà tó já láti 34.80% ní Dìsẹ́ńbà 2024 sí 24.48% ní Jánúárì 2025, kì í ṣe pé ọjà wálẹ̀, wọ́n yí ọdún tí wọ́n ń fi owó ọjà wé kúrò ní 2009 sí 2024 ni.