UCA202, UMC202HD tàbí Scarlett 2i2: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ wọn ohùn rà?

Àpótí USB kékeré tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, tó sì ń gbé e jáde, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹni tó fẹ́ gba orin sílẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ wọn amplifier lè dúró síwájú àtẹ kan náà, àmọ́ ọjà wọn ò dọ́gba. Adùn ni olórin ń wá. Àpótí tí kò ní bu ariwo tirẹ̀ mọ́ ohun tí à ń wọ̀n ni ẹnì kejì ń wá.

Behringer UCA202 ló kéré jù lówó. 16-bit (bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe péye tó), 48 kHz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lòpin rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ti kọjá 24 kHz, ìyẹn ìdajì 48, kò lè rí i. Kò ní ojú ihò máíkì, kò sì ní 48 V, iná tí àpótí ń fi ránṣẹ́ sí máíkì, tí máíkì ìwọ̀n bí ECM8000 ń lò.

UMC202HD ni mo máa ń júwe fún ẹni tó fẹ́ wọn spíkà tàbí yàrá. Ó ní 48 V, 24-bit, 192 kHz, ṣùgbọ́n ihò méjì tó bára mu tó ní ló wù mí jù. Ẹ lè dá ohun tó ń jáde nínú àpótí padà sínú ihò kan, kí máíkì wọ ìkejì. REW, ètò kọ̀ǹpútà ìwọ̀n ohùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á wá fi ti àkọ́kọ́ ṣe òdiwọ̀n àkókò fún ti ìkejì. Máíkì USB ò lè ṣe èyí wẹ́rẹ́, torí pé aago inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde.

Bó bá jẹ́ amplifier ni, ẹ fi owó kún un, kí ẹ ra Scarlett 2i2. Ìran kẹta rẹ̀ ń gba 22 dBu lójú ihò line (ti ohùn tó ti lágbára, kì í ṣe ti máíkì), ìyẹn bíi 9.75 V. Síbẹ̀, amplifier 100 W lórí 8 ohm ń tú nǹkan bíi 28 V jáde, ẹ gbọ́dọ̀ fi resistor dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá kó tó wọlé. Tó bá jẹ́ oríṣi bridge, èyí tí wáyà rẹ̀ méjèèjì ń gbé ohùn, ẹ má so wáyà dúdú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àpótí o. Amplifier lè jóná. Ẹ pa Direct Monitor pẹ̀lú, bọ́tìnnì tó ń dá ohùn àbáwọlé padà tààrà sí àbájáde, kí ohùn má baà máa yípo.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ kọ́kọ́ so ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ mọ́ ti àbáwọlé, kí ẹ gba ohùn 1 kHz kọjá. Bí distortion rẹ̀ (bó ṣe ń ba ohùn jẹ́ tó) bá jẹ́ 0.002%, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi jẹ́rìí pé amplifier yín ní 0.001%.

Bọ́tìnnì gain, tó ń mú ohùn àbáwọlé ròkè tàbí rẹlẹ̀, ńkọ́? Tí ọwọ́ bá ti yí i díẹ̀, òdiwọ̀n volt yín ti bàjẹ́, ẹ óò tún un ṣe. Ibẹ̀ nìkan ni UCA202 ti borí àwọn méjì yòókù: kò ní bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni lè yí lójú ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀.