Ọkọ̀ Oníkùn Kan Tàbí Kàtàmaráànì: Èwo Ni Kí Tọkọtaya Rà fún Ìrìn Àjò Láàárín Àwọn Erékùṣù Kàríbíánì?

Tọkọtaya tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun tí wọn yóò máa gbé inú rẹ̀, tí wọn yóò sì máa fi lọ láti erékùṣù dé erékùṣù láàárín Grenada àti Martinique, yóò bá irú méjì pàdé lọ́jà: ọkọ̀ oníkùn kan, tó ní ẹsẹ̀ irin tàbí òjé wúwo lábẹ́ tó ń mú un dúró, àti kàtàmaráànì, tí í ṣe ọkọ̀ oníkùn méjì tí a fi pèpéle fífẹ̀ so pọ̀. Bí inú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀pọ̀ olùrà kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí èmi yóò fi ṣáájú ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin méjèèjì lè dá ọkọ̀ náà mú wọ èbúté lọ́jọ́ tí èkejì bá ń ṣàìsàn, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí ẹ lè ké sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú méjì tí gígùn wọn dọ́gba. Lagoon 380, kàtàmaráànì tó wọ́pọ̀ ní agbègbè náà, gùn tó mítà 11.5, ó fẹ̀ tó mítà 6.5, omi tó sì jìn díẹ̀ ju mítà 1 lọ ti tó o láti léfòó. Beneteau Oceanis 38.1, tí í ṣe oníkùn kan, gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 4 lọ, oríṣi rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn sì ń fẹ́ omi tó jìn ju mítà 2 lọ. Ní Tobago Cays, níbi tí àpáta iyùn ti pọ̀, ìyàtọ̀ mítà kan yìí lè sọ ibi tí ẹ óò sùn di ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ óò lò lórí ìdákọ̀ró yóò pọ̀ ju èyí tí ẹ óò lò lójú ìrìn lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ wo ibí yìí. Nígbà òtútù ìhà àríwá ayé, ìgbì gígùn a máa yí ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun po wọ inú Rodney Bay ní St Lucia, àní nígbà tí atẹ́gùn kò bá le. Oníkùn kan tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo òru: ife yóò yọ̀ lórí tábìlì, ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yóò máa gbá, ẹni tó sùn yóò sì ní láti fi ìrọ̀rí há ara rẹ̀ mọ́ ògiri kí ó má baà yí. Nínú kàtàmaráànì, ife tíì náà yóò dúró síbi tí ẹ gbé e sí. Ilé ìdáná sábà máa ń wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ooru kò sì há mọ́ ẹni tó ń dáná nísàlẹ̀. Mi ò ní pe èyí ní ohun kékeré fún ẹni méjì tí wọn óò jọ wà nínú ọkọ̀ kan fún oṣù mẹ́fà.

Lójú ìrìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ níbẹ̀, ó sì sábà máa ń ju nọ́ọ̀tì 20 (máìlì òkun 20 ní wákàtí kan) lọ nígbà Kérésìmesì. Ọ̀nà tó wà láàárín St Vincent àti St Lucia tó nǹkan bíi máìlì òkun 25, omi tó ń ṣàn sí ìwọ̀-oòrùn sì ń ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lọ sí àríwá gbọ́dọ̀ súnmọ́ ojú atẹ́gùn dáadáa. Ibí yìí ni oníkùn kan ti fakọ yọ: yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, yóò sì la ìgbì kọjá. Kàtàmaráànì kì í fẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìgbì a máa gbá abẹ́ pèpéle rẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu ìlẹ̀kùn, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù a sì máa dún. Bí ẹ bá di ẹrù jù sínú rẹ̀, yóò burú sí i. Ewu kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú. Bí ìgbòkun bá tóbi ju bí atẹ́gùn ṣe le lọ, oníkùn kan yóò fẹ̀gbẹ́ jù, ìyẹn sì ni ìkìlọ̀ fún yín láti ká ìgbòkun kù; kàtàmaráànì kò ní kìlọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ tó ń wọ̀n atẹ́gùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó dojú dé, ṣùgbọ́n bó bá dojú dé, kò ní dá dìde mọ́, nígbà tí ìwúwo ẹsẹ̀ oníkùn kan lè gbé e dìde padà.

Ní ti owó, kàtàmaráànì àlòkù lè gbówó lórí tó ìlọ́po méjì oníkùn kan tí gígùn àti ọjọ́ orí wọn bára mu. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ẹ óò máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ọ̀pọ̀ màrínà (èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́) sì ń gba owó lé e nítorí fífẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà ní Le Marin ní Martinique ti ṣiṣẹ́ háyà rí, nítorí náà ẹ béèrè iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí ẹ tó sanwó, pé níbo ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà láti oṣù Kẹfà títí dé òpin oṣù Kọkànlá, tí í ṣe àsìkò ìjì líle. Ìhà gúúsù nìkan kì í ṣe ààbò: ìjì Ivan kọlu Grenada ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, Beryl sì kọlu Carriacou, erékùṣù kan lábẹ́ Grenada, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ óò bá gbé kàtàmaráànì sórí ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè níbẹ̀ gba fífẹ̀ rẹ̀; kì í ṣe gbogbo ibi ló ní irú rẹ̀.

Ní ti agbára ẹnì kan ṣoṣo tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjèèjì kàtàmaráànì jìnnà síra, ẹni tó bá fi ọ̀kan síwájú, tó fi èkejì sẹ́yìn, lè yí i po lójú kan nínú èbúté. Ṣùgbọ́n ìgbòkun ńlá rẹ̀ wúwo, apá ẹnì kan kì í sábà ká a láìsí ẹ̀rọ oníná. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí tọkọtaya tí owó wọn níwọ̀n, tí ara wọn sì le, ra oníkùn kan tó gùn tó mítà 11 tàbí 12, kí wọ́n fi owó tó kù ra ìdákọ̀ró tó wúwo, wáyà tuntun fún òpó, àti sólà. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ọ̀kan nínú yín, tàbí tí òkun máa ń tètè mú un bì, ẹ fara da iye owó kàtàmaráànì, kí ẹ má sì ra èyí tó gùn ju mítà 12 lọ.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ gbé ọkọ̀ náà jáde fún ìdánwò. Kí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà tó èkejì fa ìdákọ̀ró sókè, kí ó ta ìgbòkun, kí ó ká a, kí ó sì mú ọkọ̀ padà wá sí èbúté, kí èkejì jókòó láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Bí kò bá lè ṣe é lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, ẹ wá ọkọ̀ tó kéré sí i.